Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ní Kí Aláìsàn Máa Wọ Ẹ̀wù Fúnra Rẹ̀?

Àròyé kan wà tí kì í tán lẹ́nu ẹbí aláìsàn. Ẹ jẹ́ ká ní àrùn rọpárọsẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní stroke, kọlu bàbá kan, apá òsì rẹ̀ rọ, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ọmọ ń retí abẹ́rẹ́, wọ́n ń retí ẹ̀rọ. Ẹnì kan wá wọlé, kò mú abẹ́rẹ́ dání, kò ti ẹ̀rọ kankan bọ̀. Ó gbé ẹ̀wù sórí itan bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọṣọ." Wọ́n pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi sú ọmọ tó dúró létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, ṣé ohun tí à ń sanwó fún rèé, ẹ̀wù tí èmi lè wọ̀ fún wọn kí ẹ tó ṣẹ́jú?

Ohun tí wọ́n ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Oníṣẹ́ occupational therapy lẹni tó gbé ẹ̀wù wá, OT ni àwọn ará ilé ìwòsàn máa ń pè é. Àwọn nǹkan tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀: ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, oúnjẹ jíjẹ, ilé gbígbá, ìwé kíkọ, owó kíkà, ọmọ títọ́, eré ṣíṣe. Kì í fi wọ́n ṣeré, kì í sì í fi wọ́n pa àkókò. Àwọn ni oògùn tó ń lò, àwọn náà ló sì fi ń wọn bí oògùn ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú èrò méjì kúrò lọ́nà. OT kì í bá aláìníṣẹ́ wá iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ran ẹni tó fara pa lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe físíò (physiotherapist, tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) lábẹ́ orúkọ mìíràn. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì wọnú ara wọn, wọ́n sì sábà máa ń jọ tọ́jú aláìsàn kan náà, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Físíò á fẹ́ mọ bí apá ṣe lágbára tó àti bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé ara sí. Ìbéèrè OT ni pé: kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò lè ṣe mọ́, èwo nínú wọn ló sì ń dùn yín jù?

Ká padà sórí ẹ̀wù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá lòun ń ṣe bó bá ń wọ ẹ̀wù. Ó ní láti lè jókòó láìdi nǹkan kan mú, kó má sì ṣubú nígbà tó bá tẹ̀ síwájú. Ojú ní láti mọ iwájú ẹ̀wù yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó rí ibi tí ọrùn wà, kó mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí apá òsì. Ọpọlọ ní láti rántí ohun tó ṣáájú àti ohun tó kàn, kó má sì gbàgbé lágbedeméjì. Ọwọ́ méjèèjì á jọ ṣe é, bí ọ̀kan ti ń di ẹ̀wù mú ni ìkejì ń fà á. Èjìká á yí sẹ́yìn. Ìka á mọ̀ pé bọ́tìnì ti bọ́ sínú ihò láìjẹ́ pé ojú wò ó. Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ó ní láti wu ẹni náà pé kó múra, torí aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì lè ní gbogbo agbára tí mo kà yìí kó má sì fọwọ́ kan ẹ̀wù.

Gbogbo ìyẹn ni OT ń fojú ṣọ́ nígbà tí ọmọ rò pé ńṣe ló kàn dúró. Wọ́n ti kọ́ ọ láti tú iṣẹ́ kan palẹ̀ wẹ́wẹ́, kó lè mọ ohun tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ara, ojú, ọpọlọ àti ọkàn. Ẹ wo ohun tí èyí lè tú fó. Bí bàbá bá ti apá ọ̀tún bọ ẹ̀wù, tó jẹ́ kí apá òsì máa fì dirodiro, tó wá ní òun ti múra tán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ti pa ọwọ́ òsì ayé tì pátápátá. Ojú rẹ̀ ò fọ́ o, ọpọlọ ni kì í bojú wo ọ̀hún mọ́. Bó bá ń yí ẹ̀wù síwá sẹ́yìn, tó ń gbìyànjú láti ki orí bọ ihò apá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń ṣe é le koko, ètò bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù ló ti dàrú nínú ọpọlọ. Bó bá mọ gbogbo rẹ̀ àmọ́ tó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbàkigbà tó bá gbọ́wọ́ sókè, ìjókòó ni ìṣòro. Lójú ọmọ, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bàbá ò lè wọṣọ mọ́. Lójú OT, ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun tó sì máa ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò jọra rárá.

Ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ á tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ rọ ni pé kó fi apá tó rọ ṣáájú bó bá ń wọ ẹ̀wù, kó sì fi apá tó le ṣáájú bó bá ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá gba òdìkejì á rí i pé ẹ̀wù ti fún mọ́ òun lẹ́yìn kí apá tó rọ tó ráyè wọlé. OT tó mọṣẹ́ kì í yára nawọ́. Á kọ́kọ́ dákẹ́. Bí bàbá bá há, á bi í pé, "Kí ló kàn báyìí, sà?" Bí ìyẹn ò bá tó, á nawọ́ sí ibi tó yẹ. Bí ìyẹn náà ò bá tó, á fọwọ́ kan apá tó rọ láti fi rán an létí. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà ló tó máa bá a fà á. Lọ́jọ́ tí bàbá ò bá nílò ju ìbéèrè yẹn lọ, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń fà á tẹ́lẹ̀, ara ti ń yá nìyẹn, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹlòmíì á ní, kí ló dé tí wọn ò kàn ní kó máa gbé apá sókè sódò kó lè lágbára, kó wá fi agbára náà wọ ẹ̀wù tó bá délé? Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Eré ìdárayá wúlò, kò sì sí OT gidi tó máa bá físíò jà lórí rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí ara kọ́ níbì kan kì í rọrùn fún un láti gbé lọ síbòmíì. Ẹni tó bá ń fi ìka ki igi kéékèèké bọ ihò pátákó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á di ọ̀gá nínú kíki igi bọ ihò pátákó. Bóyá yóò lè fi ìka kan náà de bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ nawọ́ sí ife tó wà níwájú yín, kí ẹ sì wo ọwọ́ yín dáadáa. Kí ọwọ́ tó débẹ̀, ìka ti là sílẹ̀ ní ìwọ̀n bí ife ṣe fẹ̀ tó. Bí omi bá kún un dẹ́nu, ọwọ́ á rọra lọ. Bó bá ṣófo, á yára. Ife yẹn ló ń darí ọwọ́. Bí a bá wá ní kí aláìsàn kàn nawọ́ síwájú lásán, kò sí ohun tí ọpọlọ rẹ̀ máa tẹ̀ lé. Catherine Trombly, OT ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní láàárín àwọn tí stroke ti ṣe àtàwọn tí kò ṣe. Wọ́n rí i pé bí ohun gidi kan bá wà tí ọwọ́ ń lọ mú, ọwọ́ máa ń lọ tààrà ju ìgbà tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ lọ, ó sì máa ń lọ geere. Trombly yìí kan náà ló yà á sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan tó sọ lọ́dún 1995 pé ọ̀nà méjì ni OT ń gbà lo iṣẹ́ ojoojúmọ́. Nígbà míì, iṣẹ́ náà gan-an ni ibi tí à ń lọ, bíi kí bàbá lè múra fúnra rẹ̀. Nígbà míì, ọ̀nà ló jẹ́, bíi kí ẹnì kan máa nu tábìlì kí èjìká rẹ̀ lè là. Ìdí tí ojú fi máa ń dàrú mọ́ ẹni tó ń wòran nìyẹn, torí lójú òde, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní March 1917, àwọn èèyàn díẹ̀ kóra jọ sí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Consolation House ní ìlú Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tó sọ OT di iṣẹ́ tó dá dúró sílẹ̀. George Edward Barton ló nilé. Ayàwòrán ilé ni, kì í ṣe dókítà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá a fínra, apá òsì ara rẹ̀ sì ti rọ rí. Iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ káfíńtà ló fi fa ara rẹ̀ dìde. Eleanor Clarke Slagle wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n ti pẹ́ nílé ìwòsàn débi pé ọjọ́ wọn ò ní orí kò ní ìdí mọ́ ni òun gbájú mọ́. Ó máa ń to ọjọ́ wọn: ìgbà jíjí, ìgbà ìwẹ̀, ìgbà oúnjẹ, ìgbà iṣẹ́, ìgbà eré, ìgbà oorun. Adolf Meyer, dókítà àrùn ọpọlọ tí Slagle ti bá ṣiṣẹ́, kọ̀wé jáde lọ́dún 1922 pé iṣẹ́, eré, ìsinmi àti oorun ló ń mú ayé èèyàn dúró déédéé, àti pé ṣíṣe wọn gan-an lèèyàn fi ń kọ́ bó ṣe máa mú wọn dọ́gba.

Nígbà tó yá, ọwọ́ àwọn OT kúrò lórí èyí díẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ wọn jọ ti àwọn oníṣègùn yòókù, ni iṣan àti oríkèé bá gba iwájú lọ́wọ́ ayé tí aláìsàn fẹ́ padà sí. Lọ́dún 1961, Mary Reilly dìde lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì pè wọ́n padà sídìí ohun tó bí iṣẹ́ wọn: pé bí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, tí ọkàn àti ìfẹ́ inú rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó lè yí ìlera ara rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́. Síbẹ̀, títí dòní, ẹ ṣì lè rí aláìsàn tó ń to kóònù oníke léra ní yàrá ìtọ́jú. Mi ò ní kóònù burú, ó lè wúlò fún ọjọ́ mélòó kan tí ọwọ́ ò bá tíì lè mú ohun gidi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ẹni tó jí láàárọ̀ tó ní ohun tó wu òun lónìí ni kí òun to kóònù.

Ohun tó wu èèyàn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì, òun ni ẹ̀rọ tó ń wa ìtọ́jú. Ọpọlọ tó fara pa ń fi àṣetúnṣe kọ́ ẹ̀kọ́, èèyàn kì í sì í ṣe ohun tí kò nítumọ̀ sí i ní àṣetúnṣe. Torí náà, ẹni tó kàn ló ń yan iṣẹ́. Ní Kánádà, àwọn OT ti ṣe òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní COPM, tó ti di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa sọ àwọn ohun tó nira fún un láti ṣe, á yan bíi márùn-ún tó ká a lára jù, á wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10 lẹ́ẹ̀mejì: báwo ni mo ṣe ń ṣe é sí, báwo ló sì ṣe tẹ́ mi lọ́rùn tó? Lẹ́yìn ìtọ́jú, á tún fún un ní máàkì. Ẹnu sábà máa ń ya ẹbí síbi yíyàn yìí. Wọ́n ti rò pé bí ìyá ṣe máa rìn dé ẹnu ọ̀nà ló ká a lára jù. Ìyá ní rárá o, ọmọ-ọmọ òun lòun fẹ́ gbé mọ́ra.

Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, OT ti rí oògùn lò. Ìyá á kọ́kọ́ jókòó, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìrọ̀rí fúyẹ́. Wọ́n á fi nǹkan sínú ìrọ̀rí kó lè wúwo díẹ̀. Wọ́n á ní kó yí i láti èjìká kan sí èkejì. Ó di ìdúró. Ó di pé kó jókòó gbé ọmọ gidi, kí ẹnì kan sì wà létí rẹ̀. Èjìká ń lágbára, ìka ń kọ́ bí a ti ń di nǹkan mú láìfún un pa, ara ń kọ́ ìdúró, bẹ́ẹ̀ ìyá ò gbà pé eré ìdárayá lòun ń ṣe.

Àwọn kan wá sọ ọ́ di pé kí ọwọ́ aláìsàn ṣáà ti dí. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí sì wà. Lọ́dún 1997, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde tí Florence Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Los Angeles. Àwọn àgbàlagbà 361 tó ń dá gbọ́ bùkátà ara wọn ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. OT bá àwọn kan jókòó lórí bí wọ́n ṣe máa tún ìgbé ayé ojoojúmọ́ wọn tò. Wọ́n ṣètò àpéjọ àti fàájì fún àwọn kan. Wọn ò ṣe nǹkan kan fún ìyókù. Àwọn tí OT bá ṣiṣẹ́ jàǹfààní ní ti ìlera, ní ti bí ara ṣe ń gbé e, àti ní ti bí ayé ṣe dùn mọ́ wọn. Àwọn tó ń ṣe fàájì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún. Ìwádìí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ pé "wọ́n kàn ń bá wọn ṣeré" máa rántí.

Nígbà míì, ara ò ní padà sí bó ṣe wà, tàbí kò ní tètè padà. Ohun tó kù láti ṣe nígbà náà ni kí wọ́n yí iṣẹ́ náà padà, tàbí kí wọ́n yí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é padà. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún, dókítà lè kìlọ̀ fún un pé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má tẹ ìbàdí kọjá ìwọ̀n digiri 90, kó má sì fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Báwo ló ṣe máa wọ bàtà? Báwo ló ṣe máa jókòó sórí àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó kúrú? OT á fún un ní ohun ìwọbàtà ọlọ́wọ́ gígùn, á fi ohun kan gbé àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ga, á sì jẹ́ kó fi wọ́n ṣe é lójú rẹ̀ kó tó lọ sílé. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò lágbára mọ́, OT á kọ́ ọ pé kó máa jókòó wẹ̀, kó kó ohun tó ń lò jù sí ibi tí ọwọ́ ti tó o láìnàgà, kó sì sinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́ dípò ẹ̀yìn tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan gbà pé ìjuwọ́sílẹ̀ lèyí. Èmi ò gbà. Ẹni tó jókòó wẹ̀, tó sì ṣẹ́ agbára kù láti bá àwọn ará ilé rẹ̀ jẹun, ló jèrè, kì í ṣe ẹni tó fi gbogbo agbára ọjọ́ náà dúró ní balùwẹ̀.

Ti ọmọdé ò yàtọ̀ sí èyí, eré ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí kò lè wọ bàtà, ọ̀pọ̀ OT máa ń kọ́ ọ láti ẹ̀yìn wá síwájú: àgbà á ṣe gbogbo rẹ̀, á ku kí ọmọ tẹ ìdè bàtà mọ́lẹ̀. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, ó parí iṣẹ́, inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ mìíràn, á fa ìdè náà, á sì tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa fi ìpín kan kún un láti ẹ̀yìn, ọmọ ló sì ń parí rẹ̀ nígbà gbogbo. Lọ́dọ̀ ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, ọwọ́ sábà máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọjọ́ mọ́ ṣì lè ká aṣọ dáadáa bí wọ́n bá kó o síwájú rẹ̀.

Kí aláìsàn tó kúrò nílé ìwòsàn, OT lè máa béèrè àwọn nǹkan tó dà bí àtojúbọ̀: ṣé wọ́n lè lo fóònù, ṣé wọ́n lè ra nǹkan, ṣé wọ́n lè ṣírò owó, ta ló ń bá wọn yọ oògùn? Lawton àti Brody ti kó irú ìbéèrè yìí jọ sínú òṣùwọ̀n kan láti ọdún 1969. Wọ́n wúlò torí ẹni tó lè wẹ̀, tó sì lè wọṣọ, lè má mọ̀ pé òun ti lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe dá a lóhùn fún aláìsàn, ẹ má sì fi kún un nítorí ìtìjú. Ìdáhùn yẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ó lè dá gbé tàbí kò lè dá gbé.

Bí ẹ bá délé, ẹ bi OT pé ìpín wo nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ máa fi sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì fi ìpín náà sílẹ̀ fún un lóòótọ́, kódà bó pẹ́. Bí kánjúkánjú bá wà lọ́jọ́ kan, ẹ bá a wọ̀ ọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kó má kàn di ti ojoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣe ohun tó le jù ní àkókò tí ara rẹ̀ máa ń dá jù, kì í ṣe lálẹ́ tó ti rẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ balùwẹ̀ bá tutù, tàbí tí iná bá ń jó lórí sítóòfù, ẹ dúró tì í.